Ta Ló Dárí Ji Andy Okeke?

Ó ṣòro láti wo apá kejì Living in Bondage kéèyàn má káàánú Andy Okeke. Ọkùnrin tó ti ń gun ọkọ̀ ńlá, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀gá, ti ya wèrè. Abẹ́ afárá ló ń sùn l'Ékòó, orí ààtàn ló ti ń jẹun. Kenneth Okonkwo, òṣèré tó ṣe Andy, fi gbogbo ara ṣe é. Ìrísí rẹ̀ nìkan tó láti pa ìyá ọlọ́mọ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n wèrè tí wọ́n ń sunkún lé lórí yìí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú Merit, ìyàwó rẹ̀, lọ síwájú ẹgbẹ́ awo kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí òun lè di olówó. Kí fíìmù náà tó parí, wọ́n ti gbé Andy dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti jẹ́wọ́, orí rẹ̀ ti pé, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tó ti rí ìgbàlà. Kò sẹ́ni tó lè bá òǹwòran wí pé ó ṣàánú rẹ̀. Ìdáríjì yẹn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, torí pé ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ti wà nínú sàréè, ìtàn náà kò sì kọjú sí àwọn tó bí i.

Ọdún 1992 ni apá kìíní jáde, lédè Igbo, lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí èèyàn lè rà lọ sílé. Apá kejì tẹ̀ lé e ní 1993. Chris Obi Rapu ló darí apá kìíní. Okechukwu Ogunjiofor, ẹni tó ṣe Paulo, ọ̀rẹ́ tó fa Andy wọ ẹgbẹ́ awo, wà nídìí bí ìtàn náà ṣe di fíìmù, Kenneth Nnebue tó ń ṣòwò kásẹ́ẹ̀tì ló sì gbé owó kalẹ̀. Yorùbá tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òdìkejì odò Ọya nìkan nìyí, kó rántí pé fíìmù Yorùbá ni Nnebue kọ́kọ́ náwó sí. Owó rẹ̀ wà nínú Àjẹ́ Ni Ìyá Mi tí Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe ní 1989. Ọ̀dọ̀ àwọn eléré ilẹ̀ Yorùbá ló ti rí i pé fídíò lè pa owó, kó tó gbé òye náà lọ sí èdè tirẹ̀.

Ìdúmọ̀tà l'Ékòó àti Iweka Road ní Onitsha ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ti ń tú jáde lọ sí ìlú mìíràn. Onitsha ló sì yẹ kéèyàn dúró sí bó bá fẹ́ mọ ìdí tí Andy fi wọ ọkàn àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ òwò kì í gba owó oṣù níbẹ̀. Ó ń sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà, méje, ó ń ṣí ìsọ̀ láàárọ̀, ó ń ru ẹrù, ó ń fọ aṣọ ọ̀gá, nírètí pé lọ́jọ́ òmìnira ọ̀gá yóò fún un lówó tí yóò fi dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Igba boi ni wọ́n ń pe ètò náà, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà di ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mìíràn á fẹ̀sùn olè kan ọmọ nígbà tí òmìnira bá ku oṣù díẹ̀, yóò sì lé e lọ́wọ́ òfo. Ẹ fi èyí kún ìyà tó dé lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986, tí owó náírà fi di yẹ̀pẹ̀. Ọ̀dọ́ tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn lọ́dún 1992, tó rí Andy tí iṣẹ́ kò gbè é, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra Mercedes, tí ojú ń tì láàárín àwọn tí wọ́n jọ kàwé, ara rẹ̀ ló ń wò. Kò sí ohun tí Andy fẹ́ tí ọ̀dọ́ yẹn náà kò fẹ́.

Ìdí nìyí tí àánú rẹ̀ fi tọ́. Fíìmù tí òṣìkà inú rẹ̀ kò jọ ènìyàn kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n, ẹ̀rù lásán ló lè dá bani. Living in Bondage ṣe ju ìyẹn lọ. Ó jẹ́ kí òǹwòran rìn pẹ̀lú Andy ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, títí ó fi dé ibi tí kò yẹ kó dé. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn tó bá a rìn dé ibẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n dá a lẹ́jọ́ mọ́, torí wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù.

Kí ni Andy ṣe gan-an? Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáhùn pé ó pa ìyàwó rẹ̀, wọ́n á sì yára fi kún un pé kò fẹ́ ṣe é, pé ó fẹ́ràn Merit, pé àwọn awo ló fi dandan lé e. Wọ́n ń rántí pé nígbà tí ẹgbẹ́ ní kó mú ẹni tó fẹ́ràn jù wá, ó kọ́kọ́ wá ọ̀nà àbáyọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà náà. Ó lọ gbé Tina, aṣẹ́wó, ó ní ìyàwó òun nìyí. Ikú ló ń mú ọmọbìnrin náà lọ bá, láìjẹ́ kó mọ nǹkan kan. Tina ló ké orúkọ Jésù síta, ni àwọn awo bá mọ̀ pé irọ́ ni Andy pa, ni wọ́n bá tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló tó padà sílé lọ mú Merit.

Ibi ọ̀rọ̀ Tina yìí ni ìkà Andy ti hàn jù, kódà ju ọjọ́ tó mú Merit lọ. Ọjọ́ Merit, ẹ̀rù ń bà á, ó ti bọ́ sínú okùn tí kò lè tú. Ọjọ́ Tina, ó ṣì lè padà sẹ́yìn. Ó jókòó, ó ṣírò, ó wo ìlú Èkó káàkiri, ó sì yan ẹni tó rò pé kò sẹ́ni tí yóò béèrè rẹ̀. Ìfẹ́ Merit tí wọ́n fi ń gbèjà rẹ̀ ló gbé e dé ìdí ìṣírò yẹn. Ẹni tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tó fi lè fi ọmọ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ níwájú ọ̀bẹ, ìfẹ́ rẹ̀ kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé ó níwà.

Àwọn tó kọ ìtàn náà mọ èyí, ó sì yẹ kí wọ́n gba ìyìn fún un, torí Tina kan náà ni wọ́n mú padà wá. Ó ti fi iṣẹ́ aṣẹ́wó sílẹ̀, ó ti di onígbàgbọ́, òun ló rí wèrè lábẹ́ afárá, tó dá a mọ̀, tó sì mú un lọ síbi tí wọ́n ti gbàdúrà fún un. Nínú fíìmù ilẹ̀ yìí, agbára káká lèèyàn fi máa rí ìdáríjì tó lágbára tó báyìí. Tina mọ ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ fi òun ṣe. Kò gbẹ̀san, kò kọjá lọ. Bí fíìmù náà bá dúró síbẹ̀, tó ní Tina dárí ji Andy, kò sí àríyànjiyàn.

Ṣùgbọ́n gbèsè tirẹ̀ nìkan ni Tina lè fagi lé. Ti Merit wà níbẹ̀. Nnenna Nwabueze ló ṣe Merit, obìnrin tó rọ ọkọ rẹ̀ pé kó ní sùúrù, tó dúró tì í nígbà tí kò sí owó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, òkú rẹ̀ ń yọ sí Andy, kò jẹ́ kó gbádùn owó náà. Òkú yẹn nìkan ni agbẹjọ́rò tí Merit ní nínú fíìmù náà. Nígbà tí Andy bá sì jẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àdúrà bá borí, òkú yóò dákẹ́. Ohun tí fíìmù náà sọ níbẹ̀ ni pé òjìji Merit jẹ́ àìsàn Andy, pé ìwòsàn Andy ni kí ó má rí i mọ́. Ẹ̀sùn olóògbé ti di ẹ̀mí burúkú tí wọ́n lé jáde. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìparí yìí sì jẹ́ ẹjọ́ ẹnìkan láti òkè dé ilẹ̀: Andy ló jìyà, Andy ló jẹ́wọ́, Andy ló rí àlàáfíà.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ Igbo kò ní òṣùwọ̀n mìíràn. Chinua Achebe, ọmọ Ogidi tí kò jìnnà sí Onitsha, kọ Things Fall Apart jáde ní 1958. Nínú rẹ̀, ìbọn Okonkwo bú níbi ìsìnkú Ezeudu, ó sì pa ọmọ olóògbé, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ kó ìdílé rẹ̀ kúrò ní Umuofia kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n dáná sun ilé rẹ̀, wọ́n pa ẹran rẹ̀, ó sì lo ọdún méje ní Mbanta, ìlú ìyá rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó wó ilé náà. Wọn kò bínú sí i. Ilẹ̀ ni ó ṣẹ̀, ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣèèṣì pànìyàn, ó lo ọdún méje nígbèkùn. Òmíràn mọ̀ọ́mọ̀ pa ìyàwó rẹ̀ nítorí owó, àdúrà kan ló gbà á sílẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń pe Achebe ní ti àtijọ́, tí wọ́n ń pe fíìmù ní ti òde òní, ronú síwájú sí i. (Òtítọ́ ni pé Umuofia kò dá Okonkwo lẹ́jọ́ lórí Ikemefuna, ọmọ tó ń pè é ní bàbá, tó sì fi àdá ṣá. Nwoye ọmọ rẹ̀ ló dá ẹjọ́ yẹn, nípa yíyísẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ìlú tí òṣùwọ̀n rẹ̀ pé.)

Àwọn onígbàgbọ́ lè fèsì pé ẹ̀sìn tuntun ti dé, pé oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe òwò. Ẹ̀sìn náà pẹ́ ní Onitsha: ọdún 1857 ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, mú ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS dé bèbè odò Ọya, tó sì fi àlùfáà John Christopher Taylor síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bíbélì tí wọ́n gbé wá kò fọwọ́ sí ìdáríjì ọ̀fẹ́ tí fíìmù fún Andy. Sákéù agbowó-odè dìde, ó kéde pé ìdajì ohun ìní òun yóò lọ fún àwọn òtòṣì, àti pé ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ, ìlọ́po mẹ́rin lòun yóò dá padà fún un. Ti Dáfídì ló tilẹ̀ sún mọ́ ti Andy jù. Ó fẹ́ obìnrin, ó sì fi ọkọ rẹ̀, Ùráyà, síwájú ogun kí wọ́n lè pa á. Nígbà tí Nátánì wòlíì dojú ẹ̀sùn kọ ọ́, ó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, Ọlọ́run sì dárí jì í lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ tí obìnrin náà bí kú, idà kò sì kúrò ní ilé rẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi dìtẹ̀ mọ́ ọn. Ìdáríjì dé, gbèsè kò lọ. Ìwé mímọ́ náà kò rí ìjà láàárín méjèèjì. Ìwàásù orí fídíò ló pa wọ́n pọ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ikú ni wọ́n ń tọrọ fún Andy. Onitsha ti gbìyànjú ìyẹn náà. Lọ́dún 2000, nígbà tí àwọn adigunjalè ti sọ ọjà di ibùdó ogun, wọ́n mú àwọn Bakassi Boys wọ ìlú, ìjọba ìpínlẹ̀ Anambra lábẹ́ Chinwoke Mbadinuju sì fi òfin ti ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́yìn. Wọ́n ń pa àwọn afurasí ní gbangba, wọ́n ń dáná sun wọ́n, ogunlọ́gọ̀ ń wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n pa Edward Okeke, wòlíì tí ayé mọ̀ sí Eddy Nawgu, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìbọ àti ìpànìyàn kàn. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Kò sí adájọ́ kankan tó gbọ́ ẹnu rẹ̀. Láìpẹ́, fíìmù Issakaba tí Lancelot Oduwa Imasuen darí gbé irú àwọn ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ jáde bí akọni, Sam Dede sì di ààyò àwọn ọmọdé.

Ìlú kan náà ni, òǹwòran kan náà. Okeke orí fídíò jẹ́wọ́ pé òun pànìyàn, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Okeke inú ayé ni kò débi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ rárá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èèyàn lè ní ìyàtọ̀ wà láàárín eré àti òtítọ́, ó sì wà. Ṣùgbọ́n àìsàn kan ló ń ṣe méjèèjì, ó sì jọ pé ọ̀kan ló ń bọ́ èkejì. Níbi tí ilé ẹjọ́ kò ti dájú, ọkàn àwọn ènìyàn á máa fò láti iná dé àdúrà, láìdúró níbi tí wọ́n ti ń béèrè pé: ta lo ṣẹ̀, kí lo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí lo lè dá padà?

Yorùbá ti rí ẹni tó sọ ìtàn òṣìkà tó yẹ ká ṣàánú dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ó fún òṣìkà rẹ̀ ní ìdí tó wúwo ju ti Andy lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyálóde Ìbàdàn bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà náà, kò fẹ́ kí ẹrú rẹ̀ kankan bímọ. Èyí tó bá lóyún, ikú ni. Kò sí abiyamọ tó gbọ́ ìyẹn tí àyà rẹ̀ kò ní já fún un. Ṣùgbọ́n Ìṣọ̀lá kò jẹ́ kí ẹkún Ẹfúnṣetán bo ẹkún àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Adétutù, ẹrú tó lóyún, ní ẹnu tirẹ̀ nínú eré náà, ó ní olólùfẹ́, Ìtáwuyì, tó gbìyànjú láti gbà á là. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pa Adétutù, òǹwòran ti mọ̀ ọ́n ní ènìyàn. Bí àánú Ẹfúnṣetán bá ṣe ń mú un, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Adétutù ń mú un, kò sì ráyè fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ló gbé eré yẹn kiri tí èrò fi kún pápá ìṣeré n'Íbàdàn, ẹni kan náà tó fi owó Nnebue ṣe fíìmù lẹ́yìn náà. Ó ṣeni láàánú pé ẹ̀kọ́ owó fídíò rékọjá odò, ti Adétutù kò bá a lọ.

Ìtàn Andy tún padà wá ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Ramsey Nouah ló darí Living in Bondage: Breaking Free, òun náà ló ṣe Richard Williams, olówó ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ tó ń kó ọ̀dọ́ wọ ẹgbẹ́ awo. Jide Kene Achufusi ṣe Nnamdi, ọmọ Andy, tó ń lépa owó bí bàbá rẹ̀ ti lépa rẹ̀. Kenneth Okonkwo ṣì ni Andy, ṣùgbọ́n ó ti di oníwàásù báyìí, irun rẹ̀ ti ń funfun. Fíìmù yìí lóye Dáfídì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tí bàbá rò pé ó parí ní ṣọ́ọ̀ṣì jókòó de ọmọ. Andy kò tún lè sọ pé òun ti bọ́, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń rìn lọ sí ìdí òrìṣà tí òun sá kúrò. Ó gbọ́dọ̀ dìde, kó lọ fà á jáde, kó sì jẹ́ kí ọmọ mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ohun kìíní nìyẹn tí Andy ṣe tó ná an ní nǹkan.

Síbẹ̀, nítorí ọmọ tirẹ̀ ló ṣe ń sáré. Merit ti di ìtàn àtijọ́ tí oníwàásù ń fi ṣe ẹ̀rí níwájú ìjọ, ikú rẹ̀ sì ti di ohun èlò iṣẹ́ ẹni tó pa á. Bóyá ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jọ pé àwọn tó ṣe fíìmù náà rò ó bẹ́ẹ̀. Oníwàásù tó ń jẹ̀gbádùn ọ̀wọ̀ lórí ìtàn bí òun ṣe pa ìyàwó òun ṣì ń jẹ lára ẹ̀jẹ̀ náà.

Ó ti di àṣà báyìí láti máa jí fíìmù àtijọ́ dìde. Rattlesnake padà wá ní 2020, Nneka the Pretty Serpent náà padà wá lọ́dún kan náà. Kò ní pẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fi tún ọwọ́ bọ ìtàn Andy Okeke. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kò nílò awo tuntun tàbí Mercedes tuntun. Kó gbé kámẹ́rà lọ sí ilé àwọn àna Andy. Kí Andy wá síbẹ̀ láìsí pásítọ̀, láìsí ìjọ, kó sọ ohun tó fi ọmọ wọn ṣe, kó sọ ti Tina mọ́ ọn, kó sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe: kí òun lọ bá ọlọ́pàá, kí òun tọ́jú wọn títí wọn yóò fi kú, tàbí kí òun má ṣe fi orúkọ rẹ̀ wàásù mọ́. Bí bàbá Merit bá ní òun kò lè dárí jì í, kí wọ́n jẹ́ kó kọ̀, kí fíìmù parí síbẹ̀.